Fáìlì Méjì, Okùn Pupa Kan

Èmi ni mo ń so fáìlì ní kọ́ọ̀tù Bhanjanagar.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí okùn pupa ti ń kun ìka mi bí osùn.
Adájọ́ a máa wá, adájọ́ a máa lọ,
èmi àti ikán la jọ ń ṣọ́ ìwé.

Ọjọ́ tí Kuntala Pradhan kọ́kọ́ wọlé,
òjò ti lẹ sárì rẹ̀ mọ́ ọn lára,
ọ̀rá iyọ̀ ló fi wé ìwé rẹ̀.
Àgọ́ ọlọ́pàá ti lé e lẹ́ẹ̀mẹta:
ìkòkò irin ilé ìlọrẹsì ló bú, wọ́n ní,
irin kì í sì í jẹ́jọ́.
Ó dáná sun Jogesh ọmọ rẹ̀ létí odò.
Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ó wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà.

"Bidyadhar Sahu ni mo fẹ̀sùn kàn, òun ló ni ilé ìlọrẹsì.
Ọmọ mi sọ fún un pé ìkòkò ń jò.
Ó ní kí wọ́n fi àkísà dí i."
Adájọ́ ní kó búra. Ó búra.
Ojú ewé mẹ́rin, ẹlẹ́rìí méjì,
ọ̀kan nínú wọn kò ní etí òsì mọ́.

Bí ọlọ́pàá ṣe gbọ́ pé kọ́ọ̀tù ti gbọ́,
oorun dá lójú wọn.
Ọjọ́ mẹ́fà péré, fáìlì tiwọn ti yọ ikùn.
Agbẹjọ́rò Sahu dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Olúwa mi, ọlọ́pàá ti wà lẹ́nu ìwádìí.
Òfin ní kí ẹ dá ẹjọ́ obìnrin yìí dúró."
Òótọ́ ló sọ. Mo mọ abala òfin náà lórí:
ọ̀ràn kan kò gbọdọ̀ gba ojúlé méjì
kí á má baà dájọ́ méjì lé orí kan.
Mo so fáìlì Kuntala, mo tì í sí òkè pẹpẹ.

Dúró.
Ta ló wọn bí dúró ṣe gùn tó?
Oṣù mọ́kànlá. Gbogbo ọjọ́ ìpè ló ń wá,
á bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó ṣì ń sùn?"
Mo máa ń ní, "Kò kú, oorun ni."
Ìgbà kan, ó na ọwọ́ gba àárín irin wọlé, ó fi kan fáìlì náà,
bí ìyá tí ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Àbọ̀ ìwádìí dé, ojú ewé igba ó lé mẹ́tàlá.
Iná ti lọ. Tọ́ọ̀ṣì ni mo fi kà á.
Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ̀sùn kàn: Hadu,
ọmọdékùnrin tí ń da èèpo ìrẹsì sínú iná,
tó ti sá lọ sí Surat.
Ibì kan ṣoṣo ni orúkọ Sahu wà:
ìloro rẹ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí.

"Ó parí nìyẹn," ni agbẹjọ́rò wí.
Adájọ́ Itishree Rath, ọmọdé lójú mi,
bu ètè jẹ, ó ṣí ìwé òfin padà sẹ́yìn.
"Kò tíì parí. Ká ní àbọ̀ yìí mú ẹni tí obìnrin yìí mú ni,
à bá so méjèèjì pọ̀, ká gbọ́ wọn bí ẹjọ́ kan.
Kò mú un. Ẹni tí ọlọ́pàá kò rí,
ta ló ní kí èmi náà dijú sí?
Akọ̀wé, tú okùn yẹn."

Ó ti di kókó. Eyín ni mo fi tú u.

Kì í ṣe ìdálẹ́bi o. Ìwé ìpè lásán ni,
ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀,
Sahu sì lówó tí yóò fi ra ọjọ́ mìíràn.
Kuntala kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè iye tí ẹ̀dà kan jẹ́.
Mo ní rúpìì méjì.
Ó kà á sí mi lọ́wọ́, ẹyọ kan, ẹyọ kan,
sí àárín ìka tó pọ́n.